Iṣẹ́ Wo Ló Yẹ Ẹni Tó Mọ Èèyàn Kó Jọ?

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú ìwé àyẹ̀wò iṣẹ́ mi lọ́dún kan tí mi ò gbàgbé títí di òní. Ọ̀gá mi ló kọ ọ́, kò sì gùn: "Ó ń fi àkókò tó pọ̀ jù sórí ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀." Ẹ̀ka ìṣirò owó ni mo wà nígbà náà. Iṣẹ́ mi ò ju kí n máa fi àkọsílẹ̀ owó tiwa wé ti báńkì, kí n wá ibi tí wọn ò ti bára mu, kí n sì tún un ṣe. Mò ń ṣe é o, kì í ṣe pé mi ò ṣe é. Ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ kan tí ẹni mẹ́ta tàbí mẹ́rin kì í wá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì mi. Ọ̀kan fẹ́ mọ ẹni tó yẹ kóun bá sọ̀rọ̀ ní ẹ̀ka tó ń ra nǹkan. Èkejì àti ọ̀gá rẹ̀ ló ní gbọ́nmi-si-omi-ò-to, ó fẹ́ kí n bá òun ka lẹ́tà tóun fẹ́ fi ránṣẹ́, bóyá ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ti le jù. Ẹ̀kẹta ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́ ni, kò tíì mọ ẹni tó ń fọwọ́ sí ìwé ìsinmi. Gbogbo wọn ni mo ń dá lóhùn. Bó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, ìṣirò tó yẹ kí n ti parí láago méjì ṣì máa wà níwájú mi.

Inú mi bàjẹ́ nígbà tí mo kà á. Ohun tó sì dùn mí jù níbẹ̀ ni pé òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ìṣirò ni wọ́n gbà mí fún, nítorí ìṣirò ni wọ́n ṣe ń sanwó fún mi. Ó gbà mí tó ọdún mẹ́rin kó tó yé mi pé ohun tí ọ̀gá mi kọ sílẹ̀ bí ẹ̀sùn yẹn, iṣẹ́ gidi ni níbòmíràn. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé torí kí wọ́n lè máa fi àkókò wọn sórí ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe tiwọn gan-an ni wọ́n ṣe gbà wọ́n síṣẹ́. Ó pẹ́ tí àwọn tó ń dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì mi ti ń sọ ọ́ fún mi. Èmi ni mi ò gbọ́.

Nítorí irú ẹni tí mo jẹ́ nígbà yẹn ni mo ṣe jókòó kọ èyí. Ẹ mọ̀ wọ́n. Àwọn tí wọ́n máa ń fi ṣe olórí kíláàsì láìjẹ́ pé àwọn ló ń gba ipò kìíní. Àwọn tó jẹ́ pé bí ẹgbẹ́ kan bá fẹ́ tú ká, ọ̀dọ̀ wọn ni tọ̀tún tòsì máa ń gbà lọ rojọ́. Àwọn tí orúkọ inú fóònù wọn pọ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, tí wọ́n sì lè sọ ìdí tí orúkọ kọ̀ọ̀kan fi wà níbẹ̀. Bí irú wọn bá ní àwọn ń wáṣẹ́, ìmọ̀ràn méjì péré làwọn èèyàn máa ń ní fún wọn: lọ máa tajà, tàbí lọ ṣòṣèlú. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà o. Àwọn ọ̀nà yòókù ló ń wù mí láti sọ.

Èmi náà kọ́kọ́ gba ìmọ̀ràn àkọ́kọ́ yẹn. Mo fi ìṣirò sílẹ̀, mo lọ sí ẹ̀ka tó ń tajà nílé iṣẹ́ mìíràn, oṣù mọ́kànlá ni mo sì lò níbẹ̀. Láràárọ̀ ni wọ́n máa ń gbé bébà kan lé mi lọ́wọ́ tí nọ́ńbà ogójì wà nínú rẹ̀. Mi ò mọ ẹnì kankan nínú wọn, àwọn náà ò mọ̀ mí. Màá wá máa pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ẹnì kan bá jágbe rárá mọ́ mi, ohùn rẹ̀ á ṣì máa dún létí mi títí màá fi pe ẹni kẹwàá. Ẹni tó jókòó tì mí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ní tiẹ̀. Bí wọ́n bá ti ní rárá, á fa ìlà sórí nọ́ńbà yẹn, á sì tẹ òmíràn, bí ẹni pé kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Ọkàn rẹ̀ tètè ń jinná. Ẹ̀bùn ńlá nìyẹn, mo sì bọ̀wọ̀ fún un, àmọ́ ó yàtọ̀ sí ẹ̀bùn ká mọ èèyàn bá lò pẹ́. Ẹni tó ní i ló yẹ kó máa pe àwọn tí kò mọ̀ rí.

Ohun mìíràn tí mo rí níbẹ̀ ló là mí lójú. Bí mo bá ti rí ẹni ra ọjà báyìí, kò ní ju ọjọ́ kejì lọ tí wọ́n á fi gba orúkọ rẹ̀ lọ́wọ́ mi, tí wọ́n á gbé e fún àwọn tó jókòó sápá kejì yàrá náà. Iṣẹ́ tiwọn ni kí wọ́n máa tọ́jú oníbàárà tó ti wà nílẹ̀, kí wọ́n mọ ohun tó ń lé àti ohun tó ń bà á lẹ́rù, kí wọ́n sì máa bá a jà fún ẹ̀tọ́ rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe ọjà náà. Mi ò lè ṣe kí n má dìde lọ bá wọn. Màá béèrè pé, "Obìnrin tó ní òun fẹ́ ṣí ẹ̀ka tuntun yẹn ńkọ́? Ṣé ẹrù rẹ̀ ti dé?" Wọ́n á wò mí tìyanu-tìyanu, torí owó mi lórí obìnrin yẹn ti wọlé ná, kí ló tún kù tí mò ń wá? Ó yà mí lẹ́nu pé ó gba mí tó oṣù mẹ́jọ kí n tó rí i pé apá kejì yàrá yẹn gan-an ni ìjókòó mi wà. Inú ilé kan náà ni iṣẹ́ méjèèjì wà, orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́ lẹ́nu àwọn tó wà níta, bẹ́ẹ̀ irú èèyàn méjì tó yàtọ̀ pátápátá ni wọ́n nílò.

Bí mo ṣe kúrò níbẹ̀ náà ní ẹ̀kọ́ nínú. Kì í ṣe ọ̀rẹ́ mi tímọ́tímọ́ ló sọ iṣẹ́ tó kàn fún mi. Obìnrin kan tí a jọ jókòó níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ méjì ni, ọdún méjì sì ti kọjá lórí ẹ̀. Láàárín ọdún méjì yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni mo bá a sọ̀rọ̀: nígbà tí mo fi ìwé kan tó ní òun ń wá ránṣẹ́ sí i, nígbà tí mo kí i kú oríire ìgbéga, àti nígbà tó pè mí pé ibi kan wà tí wọ́n ń wá ẹni tó lè kó ẹ̀ka púpọ̀ pọ̀ ṣe iṣẹ́ kan. Nígbà yẹn, mo rò pé oríire lásán ni. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan ti ka irú oríire bẹ́ẹ̀ ní iye. Ní 1973 ni Mark Granovetter, ará Amẹ́ríkà tó ń ṣèwádìí nípa àwùjọ, gbé àbájáde iṣẹ́ rẹ̀ jáde. Ó ti lọ bá àwọn òṣìṣẹ́ ní ìlú Newton, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ iṣẹ́, ó sì bi àwọn tó rí iṣẹ́ náà nípasẹ̀ ojúlùmọ̀ pé báwo ni wọ́n ṣe ń rí ojúlùmọ̀ yẹn sí. Nǹkan bí ìdá 17 péré nínú ọgọ́rùn-ún ló jẹ́ pé ẹni tí wọ́n ń rí déédéé ló sọ fún wọn. Gbogbo àwọn tó kù gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tí wọ́n ń rí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan tàbí ẹni tí wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ rí rárá.

Ìdí rẹ̀ ò ṣòro ó rí. Èèyàn àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ jọ ń gbé inú omi kan náà ni. Ohun tó ń dé etí ọ̀kan ti dé etí èkejì. Ẹni tó wà lódì kejì odò ló mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lódì kejì. Ní 2022, àwọn olùṣèwádìí kan tún gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò lórí LinkedIn, ìkànnì tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń mọra wọn, èèyàn tó tó 20 mílíọ̀nù ni wọ́n wò fún ọdún márùn-ún, wọ́n sì rí i pé ojúlùmọ̀ tí àárín wọn ò gbóná jù, tí kò sì tutù jù, ló ń ranni lọ́wọ́ jù láti rí iṣẹ́ tuntun. Irú obìnrin yẹn gẹ́lẹ́.

Mo sọ èyí nítorí pé ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ẹni tó mọ èèyàn ni ẹni tó mọ àwọn èèyàn ńlá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó mọ èèyàn ni ẹni tó dúró sí oríta, níbi tí ẹgbẹ́ méjì tí kò mọra wọn ti lè gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ pàdé. Àlàfo tó wà láàárín wọn ni oko rẹ̀. Iṣẹ́ tó bá sì ní irú àlàfo bẹ́ẹ̀ láàárín, bíi dókítà àti alákòóso, ẹni tó ń ṣe ọjà àti ẹni tó ń lò ó, olówó tó fẹ́ ṣàánú àti ẹni tó nílò àánú, iṣẹ́ irú wa ni.

Àmọ́ ìdarí ń bẹ lọ́tọ̀, mímọ èèyàn ń bẹ lọ́tọ̀. A máa ń pe méjèèjì pọ̀ bí ẹni pé ìbejì ni wọ́n, bẹ́ẹ̀ ó ṣọ̀wọ́n kí wọ́n wúwo dọ́gba lára ẹnì kan. Ìtàn àwọn ọkùnrin méjì kan wà tí mo máa ń rántí lórí èyí. Ní June 1859, oníṣòwò kan láti Geneva tó ń jẹ́ Henri Dunant rìnrìn àjò lọ sí àríwá Ítálì. Napoleon Kẹta, olú ọba Faransé, ló ń wá lọ, nítorí òwò tó fẹ́ ṣe ní Algeria. Ohun tó bá níbẹ̀ ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́ lójú ìjà Solferino, tí kò sí ẹni tó máa tọ́jú wọn. Dunant kì í ṣe dókítà, kì í sì í ṣe ológun. Ó kó àwọn ará ìlú Castiglione jọ, obìnrin ló pọ̀ jù nínú wọn, wọ́n sì ń tọ́jú ọgbẹ́ láì béèrè apá ibi tí èèyàn ti jà. Nígbà tó padà délé, ó kọ ìwé lórí ohun tó rí. Ní 1862, ó fi owó ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ó sì fi í ránṣẹ́ sí àwọn aláṣẹ káàkiri Yúróòpù.

Ẹnì kan tó ka ìwé náà ni Gustave Moynier, agbẹjọ́rò, ọmọ Geneva bíi tirẹ̀. Moynier ló gbé e lọ sínú ẹgbẹ́ aláàánú tó ń darí, ní 1863 sì ni àwọn méjèèjì pẹ̀lú ẹni mẹ́ta mìíràn jókòó bí ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni márùn-ún tó wá di Àjọ Red Cross. Nígbà tó fi máa di August 1864, orílẹ̀-èdè 12 ti fọwọ́ sí Àdéhùn Geneva àkọ́kọ́. Dunant ló ń kan ilẹ̀kùn àwọn alágbára, òun ló ń mú kí ẹni tí kò rò ó rí bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó. Moynier ló mọ bí ọ̀rọ̀ ẹnu ṣe ń di ìwé, tí ìwé ń di òfin, tí òfin ń di ọ́fíìsì tó ń ṣí láràárọ̀. Wọn ò rẹ́. Ní 1867 òwò Dunant fọ́, ó jẹ gbèsè, ó sì ní láti kúrò nínú ìgbìmọ̀ náà. Moynier wà lórí àga ààrẹ láti 1864 títí tó fi kú ní 1910. Dunant jìyà fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ayé tó rántí rẹ̀. Ní 1901, òun àti Frédéric Passy jọ gba ẹ̀bùn Nobel fún àlàáfíà, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa fún ẹnikẹ́ni. Ọdún 1910 kan náà lòun àti Moynier kú.

Ọkàn mi fà sí Dunant, mi ò purọ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí Dunant máa ṣe iṣẹ́ Moynier fún ọdún 46 yẹn, mo gbà pé àjọ náà ì bá ti tú ká, ìbànújẹ́ ì bá sì ti bá òun fúnra rẹ̀. Bó bá sì jẹ́ Moynier ló dé Solferino, bóyá ìròyìn tó dára ló máa kọ. Ìbéèrè tí mo máa ń bi ẹni tó bá wá bá mi rèé: bí ẹ bá jáde níbi ìpàdé tó gùn, kí ló máa ń bá yín délé? Bó bá jẹ́ ojú àwọn èèyàn, ẹni tó dákẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ àti àwọn méjì tó yẹ kí wọ́n mọra wọn, ẹ̀bùn Dunant ló wúwo jù lọ́wọ́ yín. Bó bá jẹ́ pé ìpinnu tí wọn ò ṣe ló ń jẹ yín lọ́kàn, àti iṣẹ́ tí wọn ò dárúkọ ẹni tó máa ṣe é, Moynier lẹ fi jọ. Iṣẹ́ tí ẹ máa wá yàtọ̀.

Ní tèmi, òru ọjọ́ kan ni mo mọ̀. Ilé iṣẹ́ tí obìnrin yẹn júwe fún mi fẹ́ kó kúrò níbi tó wà lọ síbòmíràn: ọgọ́fà òṣìṣẹ́, ẹ̀ka mẹ́fà, òpin ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo. Àwọn ọ̀gá ń ti iṣẹ́ yẹn síra wọn títí ó fi dé ọ̀dọ̀ mi. Mi ò láṣẹ lórí ẹnikẹ́ni. Mo ra ìwé kékeré kan, mo fún ẹnì kọ̀ọ̀kan tí ọ̀rọ̀ kàn ní ojú ewé kan, mo kọ ohun tó ń bà á lẹ́rù nípa kíkó náà sókè, mo sì kọ ohun tó mọ̀ tí ẹlòmíràn ò mọ̀ sísàlẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti lọ wọn yàrá nílé tuntun náà, ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta ni mo sì jókòó díẹ̀ ti bàbá tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Ó sọ fún mi nípa orúnkún rẹ̀ tó ń dùn ún, ó sì sọ ẹni tó ń tún ilé náà ṣe kí àwọn onílé tuntun tó rà á.

Láago mọ́kànlá òru Sátidé, ọkọ̀ tó kó àwọn kọ̀ǹpútà tí gbogbo iṣẹ́ wa dúró lé lórí dé iwájú ilé náà. Ẹ̀rọ tó ń gbéni lọ sókè ti kú. Kọ́kọ́rọ́ ẹnu ọ̀nà ńlá ẹ̀yìn wà lọ́wọ́ ẹni tó ti pa fóònù rẹ̀. Olórí àwọn tó ń rẹrù ní bó bá ti di aago méjìlá, àwọn á já ẹrù sílẹ̀ lójú títì, àwọn á sì máa lọ. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Mo rántí pé mo di ìwé kékeré yẹn mú bí ẹni pé ìdáhùn wà nínú rẹ̀. Bàbá yẹn wá dìde lórí àga rẹ̀, ó ní, "Má dààmú, ọmọ mi. Ẹni tó ń tún ilé yìí ṣe tẹ́lẹ̀ ṣì ní kọ́kọ́rọ́ kan lọ́wọ́. Kò jìnnà síbí." Kò tó ìdajì wákàtí, ilẹ̀kùn ti ṣí. Èmi náà ṣe tèmi: mo ní kí wọ́n gbé kọ̀ǹpútà wọlé ná, kí wọ́n fi tábìlì àti àga sílẹ̀ nínú ọkọ̀ di àárọ̀, pé bí nǹkan kan bá ṣẹlẹ̀ sí i, ọrùn mi ni kó wà. Nígbà tó fi máa di àárọ̀ Mọ́ńdè, oníkálùkù ti wà lójú iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n ń ṣàròyé pé fèrèsé ilé tuntun ò tóbi. Inú mi dùn dé ibi tí mo fi lọ sunkún díẹ̀ nílé ìwẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo mọ̀ pé iṣẹ́ tí mo ṣe yẹn lórúkọ. Olùdarí iṣẹ́ àkànṣe ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ti dá ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ náà, PMI, sílẹ̀ láti 1969, láti 1984 ni wọ́n sì ti ń ṣe ìdánwò ìwé ẹ̀rí PMP tí àwọn agbanisíṣẹ́ ń béèrè. Mo ṣe ìdánwò náà, ó sì ràn mí lọ́wọ́, torí ó kọ́ mi ní bí a ṣe ń pín iṣẹ́ ńlá sí wẹ́wẹ́ àti bí a ṣe ń kọ ewu sílẹ̀ kó tó dé. Bí a ṣe ń jókòó ti bàbá ẹnu ọ̀nà ò sí nínú ìdánwò. Ohun tó mú kí iṣẹ́ yìí yẹ irú wa ni pé ẹni tó ń ṣe é sábà máa ń ru ẹrù láì láṣẹ. Àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́, ẹlòmíràn ni ọ̀gá wọn. Kò lè lé wọn, kò lè fi kún owó oṣù wọn. Kí wọ́n gbà á gbọ́ nìkan ló ní.

Iṣẹ́ kan tún wà tí mo fẹ́ràn láti máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ nítorí pé àwọn èèyàn kì í kà á sí iṣẹ́: kíkó èèyàn jọ fún ohun kan tó kan gbogbo wọn. Àwọn tó ń ṣe é wà nínú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, nínú ẹgbẹ́ ayálégbé, nínú àjọ aláàánú, nínú ìpolongo ìlera. Bayard Rustin ni mo máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ. Ní 28 August 1963, nǹkan bí 250,000 èèyàn péjọ sí Washington láti béèrè iṣẹ́ àti òmìnira fáwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà. Ọ̀rọ̀ tí Martin Luther King sọ lọ́jọ́ náà ni ayé rántí. Ẹni tó gbé ọjọ́ náà kalẹ̀ ni Rustin, kò sì tó oṣù méjì tó fi ṣe é. Ọkọ̀ bọ́ọ̀sì tó lé ní 2,000 ló ń bọ̀, ó ní láti mọ ibi tí wọ́n máa dúró sí. Ó ṣètò omi, ilé ìyàgbẹ́, àwọn tó máa tọ́jú ẹni tó bá dákú, ẹ̀rọ gbohùngbohùn tí ẹni tó wà lẹ́yìn pátápátá máa fi gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ níwájú. Nínú ìwé ìtọ́sọ́nà tí wọ́n pín, wọ́n tiẹ̀ kọ irú oúnjẹ tó yẹ kéèyàn dì dání, èyí tí kò ní tètè bà jẹ́ nínú oòrùn. Àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ tó pa pọ̀ ṣe é kì í sábà fẹnu kò, àwọn kan nínú wọn ò tiẹ̀ fẹ́ kí orúkọ Rustin hàn rárá. Nítorí náà, A. Philip Randolph gba orúkọ olùdarí, ó sì fi Rustin ṣe igbákejì rẹ̀. Rustin gbà bẹ́ẹ̀, ó sì ṣiṣẹ́ náà. Bí mo bá gbọ́ tí ẹnì kan ní òun ní ẹ̀bùn ìdarí, Rustin ni mo máa ń fi wò ó: ṣé ó lè ka iye ilé ìyàgbẹ́?

Kíkówó jọ fún àwọn àjọ aláàánú, ilé ìwé gíga àti ilé ìwòsàn náà ń bẹ. Ẹ̀rù rẹ̀ ń ba ọ̀pọ̀ èèyàn torí wọ́n rò pé agbe ni. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe sọ fún mi pé ìdá kékeré ni béèrè-béèrè kó nínú rẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù ni kí wọ́n gbọ́ ohun tí olówó náà fẹ́ràn látọkàn wá, kí wọ́n mú un lọ síbi tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti ń lọ, kí wọ́n sì padà wá sọ ohun tí owó rẹ̀ ṣe fún un. Ibi ìpadàwá sọ yẹn ni ọ̀pọ̀ ti ń kùnà, ẹni tí kò bá kùnà níbẹ̀ ò ní ṣaláìríṣẹ́.

Àwọn tó ń bá ilé iṣẹ́ wá òṣìṣẹ́, àwọn alukoro, àwọn onílàjà tó ń parí ìjà kó tó dé kóòtù, àwọn tó ń ṣètò ìpàdé ńlá, àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè: gbogbo wọn wà ní oríta tí mo sọ yẹn. Ẹ jẹ́ kí n kàn sọ ọ̀kan tí wọ́n máa ń gbójú fò. Ọ̀gá ilé ìwé àti ọ̀gá nọ́ọ̀sì ni aṣáájú tí iṣẹ́ wọn sún mọ́ ẹ̀mí èèyàn jù lọ, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n ń fi olùkọ́ tó mọ ìwé jù tàbí nọ́ọ̀sì tó pẹ́ jù sórí àga yẹn láì wò ó bóyá ó lè gbé èèyàn dání. Ó máa ń dùn mí. Ẹ̀ka iṣẹ́ máa pàdánù olùkọ́ tó dáńgájíá, kò sì ní rí ọ̀gá tó dáńgájíá gbà dípò rẹ̀. Ẹni tó bá wà nínú iṣẹ́ ìlera tàbí ẹ̀kọ́, tó sì mọ̀ pé òun ní ẹ̀bùn yìí, kó má tijú láti ní òun fẹ́ ipò náà.

Àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí ní ohun tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹni o. Robin Dunbar, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, gbé èrò kan jáde ní 1992 nípa iye èèyàn tí ọkàn lè gbà. Ó gbà pé nǹkan bí 150 èèyàn ni ọkàn ẹnì kan lè gbà ní àjọṣe tó ní ìtumọ̀, àwọn tó sún mọ́ ọkàn jù nínú wọn ò sì ju bíi márùn-ún lọ. Mo ti rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí iṣẹ́ bá gba ààyè àwọn márùn-ún yẹn. Ọdún kan wà tí mo mọ ọjọ́ ìbí gbogbo àwọn tó ń bá ilé iṣẹ́ wa ṣe, tí mo sì gbàgbé ti ẹ̀gbọ́n mi. Kò bínú, ó kàn dákẹ́. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń pa fóònù iṣẹ́ láago méje alẹ́, ohun tó bá fẹ́ ṣẹlẹ̀ kó ṣẹlẹ̀. Ewu kejì burú ju ìyẹn lọ: kéèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú èèyàn bí ẹni wo àpò owó. Bí mo bá ṣàkíyèsí pé ẹ̀ẹ̀mẹta léraléra ni mo pe ẹnì kan kìkì nítorí pé mo nílò nǹkan, mo máa ń kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé mi, màá sì pè é lẹ́ẹ̀kẹrin láì béèrè ohunkóhun.

Lóṣù tó kọjá, ọmọkùnrin kan tó ń wáṣẹ́ àkọ́kọ́ fi CV rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Lókè pátápátá, ó kọ ọ́ pé, "Mo ní ẹ̀bùn ìdarí, mo sì mọ èèyàn bá ṣe." Mo pè é, mo ní kó pa gbólóhùn yẹn rẹ́. Ó dákẹ́. Mo bi í pé, "Ta ló máa ń pè ọ́ bí nǹkan bá dojú rú?" Ó ní òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ òun kan ní yunifásítì máa ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé girama ní ìṣirò lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́jọ́ Sátidé, òun ló máa ń wá olùkọ́. Mélòó ni wọ́n? Méjìdínlógójì. Fún ìgbà wo? Ọdún méjì. Ṣé ó dáwọ́ dúró rí? Ó ní ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n gba yàrá lọ́wọ́ wọn, àmọ́ ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni òun rí òmíràn, torí òun mọ obìnrin tó ń tọ́jú ilé ìkàwé, ìyẹn sì bá wọn bẹ ọ̀gá rẹ̀.

Mo ní kó kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́ yẹn gan-an, iye èèyàn, iye ọdún, ọ̀sẹ̀ tí wọ́n gba yàrá àti ọ̀sẹ̀ tó rí òmíràn. Mò ń gbọ́ bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà. Nígbà tó yá, ó dúró.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé wọ́n á gbà pé iṣẹ́ nìyẹn?"

Mo ní kó kà á sétígbọ̀ọ́ mi ná. Ó tún ohùn ṣe, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á.